Ife Kejì Lórí Tábìlì Màmá Aino

Ire-Akari, Ìsọlọ̀, Èkó.
Ọjọ́ Sátidé, nígbà òjò ọ̀sán.

Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìwé yìí yóò yà ọ́ lẹ́nu, nítorí o mọ̀ pé èmi kì í kọ ju ìlà mẹ́ta lọ lórí fóònù: "A wà dáadáa. Ìyá rẹ kí ọ. Máa gbàdúrà." Orí bébà ni mo ti kọ èyí, pẹ̀lú bírò dúdú tí mo fi ń kọ ìwé ojoojúmọ́ mi. Ìyá rẹ ni yóò ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí yóò sì fi í ránṣẹ́. Fi ara balẹ̀ kà á. Má kà á nínú bọ́ọ̀sì.

O bi mí ní ìbéèrè kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní òǹtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti ka àwọn lẹ́tà tí o ń kọ sí wa láti ilẹ̀ Fínláǹdì, pé ó fẹ́ sọ wọ́n di ìwé, àti pé orí tó wù ú jù lọ ni ti onílé rẹ, Màmá Aino. O wá ní, "Bàbá mi, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́? Ẹnu yín ni mò ń wò." Ìparí oṣù ni wọ́n ń retí ìdáhùn rẹ. Mo ti fi ọjọ́ márùn-ún rò ó, mo kọ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ya méjèèjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí.

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí, èyíinì ni ohun tí lẹ́tà rẹ ń ṣe nínú ilé yìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí a sì jẹun tán, Ìyá Tọ́pẹ́ yóò gun àtẹ̀gùn wá láti fúláàtì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àga tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní àwọn àga wa ń dun òun lẹ́yìn. O mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló rán yunifọ́ọ̀mù rẹ ní gbogbo ọdún ilé ìwé girama. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí nǹkan ti rí fún un láti ìgbà tí Bàbá Tọ́pẹ́ ti kú. Tísà Fáladé tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wa tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, yóò dé pẹ̀lú ìgò ojú méjì, ọ̀kan fún ìwé kíkà, ọ̀kan fún ìjiyàn. Èmi ni mò ń kà á láti orí fóònù. Ìyá rẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan fóònù náà.

Lọ́jọ́ tí mo ka ti adágún tó dì, níbi tí o ti kọ ọ́ pé o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lórí omi dé ibi iṣẹ́, Tísà dìde dúró.

"Irọ́ ni! Ẹ sọ fún ọmọ yín kó rọra. Lẹ́yìn Pétérù, n kò tíì gbọ́ ẹni tó rìn lórí omi."

"Pétérù gan-an rì," ni ìyá rẹ dá a lóhùn. "Ọmọ tèmi kò rì."

"Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbé omi sínú fírísà, Tísà, kí ẹ gun orí ẹ̀ wò," ni Ìyá Tọ́pẹ́ wí. "Ìyẹn bí iná bá wà."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Tísà jókòó, ó tẹ orí síwájú, ó sì béèrè pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ọmọ kékeré: "Ṣé ó sọ bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ṣé ó le bí ilẹ̀?" Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà pé: ọkùnrin kan fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ pé omi a máa dì, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tí o kọ̀wé pé níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, àyè tó wà láàárín ẹnì kan sí èkejì tó ibi tí ènìyàn lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, pé bí ó bá ṣe Òṣòdì ni, ìyá kan ìbá ti tẹ́ ọsàn síbẹ̀ láti ìdájí, ìyá rẹ fi gèlè nu omijé ẹ̀rín. Nígbà tí o kọ nípa yàrá onípákó tí wọ́n ń dá iná sí, tí wọ́n ń wọ̀ láti lọ làágùn, tí o sì sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ti làágùn tèmi tán ní Ìsọlọ̀ kí n tó wá," wọ́n ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Àti ìyá arúgbó tó ti ibẹ̀ jáde, tó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sójú omi dídì, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ìwọ dúró sétí ihò tí o ń ké pe orúkọ Jésù kíkan-kíkan, tí òun sì rò pé orin ni, tó pàtẹ́wọ́ fún ọ. Àbẹ̀kẹ́, Èkó ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo sì dàgbà sí. N kò mọ òtútù kankan ju ti ọyẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ara mi bù rìrì lórí àga mi, pẹ̀lú òógùn lọ́rùn.

Mo gbé àwòrán ayé àtijọ́ tí mo rà nígbà tí mo wà ní pólì sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi rúlà wọn ọ̀nà láti Èkó dé ìlú rẹ. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi kan lọ. Iṣẹ́ mi ni láti wọn ilẹ̀, mo sì mọ bí àtẹ́lẹwọ́ kan lórí bébà ti ń jẹ́ òkè, aginjù àti òkun lórí ilẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rín kan ṣoṣo ń gbé wa kọjá gbogbo rẹ̀ kí abọ́ oúnjẹ tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú líle ròyìn ìlú òkèèrè fún wa, a ó bọ̀wọ̀ fún un, oorun yóò sì gbé wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kí a rí ibi tí òun ti ṣìnà, tí òun ti yọ̀ ṣubú, tí òun ti kí ẹni tí a kì í kí, ẹni náà ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún wa. A ó tẹ̀ lé e wọlé, nítorí a mọ̀ pé bí àwa náà yóò ti ṣubú nìyẹn. Mo ti ń ronú sí i fún oṣù mélòó kan, ẹnu sì ń yà mí síbẹ̀: pé ayé tóbi tó báyìí, àti pé ẹnu ọ̀nà tí a fi ń wọ̀ ọ́ kéré tó báyẹn.

Ibi tó dára jù nínú gbogbo ohun tí o ti kọ ni èyí. Mo ti dà á kọ sínú ìwé mi kí n lè máa rí i:

"Mo kúnlẹ̀ kí Màmá Aino ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó mú tọ́ọ̀ṣì jáde, òun náà sì kúnlẹ̀, ó ń bá mi wá ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi. A wá a títí. Kò sí ohun tó sọnù, ṣùgbọ́n n kò lè dìde, nítorí àgbàlagbà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀."

Ọmọ mi, mo ti rí i lójú inú mi ju ìgbà ogún lọ. Obìnrin méjì lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé kan ní ìpẹ̀kun ayé, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ohun tí ilé tirẹ̀ ń pè ní inú rere. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo bọ́ fìlà mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ti ife dé. Mo kà á sókè bí mo ti ń ka èyí tó kù:

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni Màmá Aino ń sọ lóòjọ́, nítorí náà Ìyá Ọ̀rọ̀-Mẹ́ta ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Ní àràárọ̀ yóò gbé ife kọfí méjì kalẹ̀: ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún méje. Ó ti wá yé mi wàyí. Òkú yẹn ló ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, èérún rẹ̀ ni èmi alààyè ń jẹ."

Tísà lu itan rẹ̀ pàá. Ìyá rẹ ń pè ọ́ ní orúkọ, "Mọrẹ́nikẹ́, o ò ní pa mí!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, àyà ń dùn mí. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè láti wá ìlà tó kàn ni mo rí i pé Ìyá Tọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé lóòótọ́ ló ń gbé ife kalẹ̀ fún un?" ó bi mí.

"Bí ọmọ ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Ọdún méje?"

"Ọdún méje, Ìyá Tọ́pẹ́."

"Tèmi yóò pé mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀. Mo ṣì ń bu ti Bàbá Tọ́pẹ́ sí abọ́ rẹ̀ kí n tó rántí. Màá wá yára dà á padà sínú ìkòkò kí Tọ́pẹ́ má baà rí i." Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ bá mi kí obìnrin yẹn. Ẹ ní kí Mọrẹ́nikẹ́ bá mi kí i dáadáa."

Tísà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nu èyí tí kò dọ̀tí.

Ohun tó mú mi lọ́kàn láti ọjọ́ náà nìyẹn. Opó kan ní Ìsọlọ̀ ti rí èkejì rẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò lè tọ́ka sí lórí àwòrán ayé, ẹ̀fẹ̀ tìrẹ ló sì mú wọn pàdé. Ìwé àdúrà kò ṣe é, ìwé sáyẹ́ǹsì Tísà kò ṣe é. Ẹ̀rù ọlọ́wọ̀ bà mí. Ṣùgbọ́n mo tún bi ara mi léèrè: bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an bá gbọ́ pé ife òun ti di ẹ̀rín nínú ilé àwọn àjèjì ńkọ́? Ìwọ ń gbé inú ilé rẹ̀. Ìwé kì í wà níbi tí a fi í sí. Èmi mọ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ìyá rẹ mọ ìdajì rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ìwọ̀n-ilẹ̀ ní pólì, ìjọba rán mi gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ lọ sí ìletò kan lẹ́bàá odò Benue. Lójú ọmọ Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ bíi tèmi nígbà náà, ibẹ̀ àti Fínláǹdì, ọgbọọgba ni. Àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Málàmù Súlè ló gbà mí sílé, ó fún mi ní yàrá, kò sì gbà kí n dá oúnjẹ sè. Málàmù Súlè a máa kí ènìyàn. Ní àràárọ̀ yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, yóò kí mi, yóò bi mí bí oorun ti rí, yóò kí àárẹ̀ mi, yóò kí òtútù, yóò kí iṣẹ́, yóò kí ìyá mi tí kò rí rí, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo rí i bí ohun ẹ̀rín. Èmi, ọmọ Yorùbá! Àwa tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dìde, tí a ní ìkíni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun!

Mo ń kọ lẹ́tà sílé. Ní ilé tí bàbá mi háyà yàrá méjì sí ní Òkè-Àfà, ayálégbé kan wà tí a ń pè ní Bàbá Kánò nítorí pé ó ti gbé Kánò pẹ́. Òun ló ń ka lẹ́tà mi sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún gbogbo ilé, tó sì ń fi ara ṣe é bí òṣèré. Láyé ìgbà náà lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹni tó bá wà nílé ló ni ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín wọn ni mo sì ń kọ ọ́ fún.

Èyí tó dùn mọ́ wọn jù ni ti ṣẹ́ẹ̀tì. Ojú Málàmù Súlè ti ń ṣe bàìbàì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo sá ṣẹ́ẹ̀tì mi sórí okùn, mo sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jáde, ó kọjú sí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó kí i. Ó bi í bí ó ti sùn. Ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, apá ṣẹ́ẹ̀tì mì, ó rò pé mo ti dáhùn, ó sì tún kí i. Mo fi ọwọ́ di ẹnu mi. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́tà ti wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Lẹ́yìn tí mo ti sin ìlú tán tí mo ti padà sílé, àwọn ẹbí Málàmù Súlè mú un wá sí Èkó nítorí ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú òun wá sí Òkè-Àfà kí òun kí àwọn òbí mi. Ó gbé ẹja gbígbẹ dání láti odò Benue. Inú ilé wa dùn ju bí mo ti lè sọ lọ. "Málàmù inú lẹ́tà ti dé!" Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu omi fún un. Bàbá Kánò jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Haúsá sọ gbogbo lẹ́tà mi fún un. Kì í ṣe ẹni ibi. Ó rò pé àpọ́nlé ni, bí ìgbà tí a bá ń sọ fún ènìyàn pé òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Èkó. Nígbà tó dé orí ṣẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sí ìró ìyá mi tó wà lórí okùn. "Ó yá, Málàmù, ẹ kí ìyàwó ilé wa!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Málàmù Súlè náà rẹ́rìn-ín, bí àlejò ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ohùn mi, ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ ní èdè rẹ̀: "O wà níbẹ̀, o kò sọ fún mi pé kì í ṣe ìwọ ni."

Nígbà tó ń lọ, ó kí bàbá mi, ó kí ìyá mi pẹ́. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ó dàbọ̀." Kò kí oorun mi. Kò kí àárẹ̀ mi.

Mo kọ lẹ́tà ìtúúbá sí i lẹ́ẹ̀mẹta sínú ìwé ojoojúmọ́ mi, n kò fi ọ̀kankan ránṣẹ́. Mo ń dúró de èyí tí yóò dára tó. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan tó sin ìlú lẹ́yìn mi ní ìletò náà sọ fún mi pé àgbà náà ti jáde láyé. Láti ọjọ́ náà n kò kọ ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ohun tí mo bá kọ, mo ń tì í mọ́ inú àpótí irin tí ìyá rẹ ń pè ní orogún òun.

Ní báyìí, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Ìkíní, jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé náà. Bóyá o rò pé n ó sọ òdìkejì. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe, Àbẹ̀kẹ́, mo sì fi ọgbọ̀n ọdún rò pé àkọ́kọ́ ló tóbi jù. Ẹ̀rín tí mo rín ṣe ibi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tí mo dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore. Kò la ojú Málàmù Súlè. Ó kàn dí tèmi ni. Bí o bá dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, Tísà kò ní tún rìn lórí omi mọ́, Ìyá Tọ́pẹ́ kò sì ní rí ẹni tí yóò kí.

Ìkejì, láti inú iṣẹ́ mi ni. Bí a bá ń wọn ilẹ̀, a kì í gba èèkàn kìíní gbọ́ títí a ó fi wọ̀n ọ́n yí ká, tí a ó tún padà dé orí rẹ̀. Bí iye tí a gbà lọ kò bá bá iye tí a gbà bọ̀ mu, àṣìṣe wà níbì kan, a ó sì tún un ṣe pẹ̀lú oòrùn lórí. Ìsọlọ̀ ni èèkàn kìíní rẹ. Òṣùwọ̀n tí o bá fi wọn àwọn ará ibẹ̀, fi í wọn àwa náà. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ìwọ ti dé ọ̀hún, o kò ní àwíjàre mọ́. Bí o bá kọ ìlà kan nípa bí wọn kì í ti í kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn, kọ òmíràn nípa bí Tísà ti ń kí mi títí omi tí mo gbé kaná yóò fi gbẹ.

Ìkẹta. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo máa ń gbọ́ òwe yìí, mo sì máa ń rò pé ìlú ni a fi ń gbèjà. Mo ti wá rí i pé àlejò gan-an ni a fi ń kìlọ̀ fún. Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ẹnì kan wà tí kò ríran, kì í ṣe Málàmù Súlè. Nítorí náà, bí ohun kan bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín ní ilẹ̀ àjèjì, rín in, ṣùgbọ́n dúró díẹ̀ sí i, kí o bi ara rẹ pé kí ni mo ń wò tí n kò rí. Ìdúró díẹ̀ yẹn ló ya ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ife. Nínú ti tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà lórí ìkúnlẹ̀. Nínú ti ife, òun nìkan ló jókòó, ìwọ ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìkẹrin kúrú. Ohun tí ikú tàbí àìsàn bá fi sára ènìyàn, kì í ṣe àṣà ìlú rẹ̀. Má kà á mọ́ ọn.

Ìkarùn-ún kì í ṣe tèmi. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lo ń wọ̀ báyìí, nítorí nínú fọ́tò tó kẹ́yìn ọ̀kan péré lòun rí. Mo ní ojú fọ́tò kò lè fi ìyẹn hàn. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ife náà. N kò ní kí o yọ ọ́. Bí o bá yọ ọ́, ìwọ náà ti dákẹ́ bíi tèmi nìyẹn. N kò sì ní kí o fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ohun tí n kò lè ṣe fún Málàmù Súlè ni mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí o kò ní lọ síbi iṣẹ́, kí Màmá Aino tó palẹ̀ tábìlì mọ́, jókòó tì í. O ti gbọ́ èdè wọn dé ìwọ̀n tó tó. Ka orí náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ka ti tọ́ọ̀ṣì. Sọ ìdí tí o fi kúnlẹ̀ fún un, nítorí ó dá mi lójú pé kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. Sọ inagijẹ tí o fún un. Bí o bá dé ibi ife, má fò ó, má sì yára. Ẹyin lohùn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó já bọ́ sórí rẹ̀ láti òkè.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ iṣẹ́ tí Ìyá Tọ́pẹ́ rán ọ. Sọ fún un pé opó kan wà ní Ìsọlọ̀ tó ṣì ń bu oúnjẹ sí abọ́ ọkọ rẹ̀ kí ó tó rántí, tó sì máa ń yára dà á padà kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i. Pé obìnrin náà ló ní kí o bá òun kí i. Kí o kí i dáadáa, bí ó ti wí.

Kí o wá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń sọ lóòjọ́. Dúró de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó bá sọ ni kí o fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìbàdàn, kì í ṣe ohun tí èmi sọ. Bí ó bá ní kí o yọ ọ́, yọ ọ́ láìṣàlàyé. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, o ti ní ìwé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ife kẹta ló dìde lọ gbé wá, má kọ ìyẹn sí ẹnikẹ́ni fún ìgbà díẹ̀. Mu kọfí rẹ.

Mo ti ṣí àpótí irin náà. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi ni mo rí lẹ́tà ṣẹ́ẹ̀tì nínú ẹrù rẹ̀, ó ti ń pọ́n létí, mo sì fi í sínú àpótí náà. Fọ́tò rẹ̀ ni yóò kẹ́yìn nínú èyí tí ìyá rẹ ń fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn èmi, ìwọ ni ẹni kìíní tí yóò kà á láti ọjọ́ Bàbá Kánò. O lè rẹ́rìn-ín. Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, mo rín in lónìí kí ojú mi tó yí padà. Ohun tí o bá fẹ́ ni kí o fi í ṣe.

Òjò ti dá. Mo ń gbọ́ tí Ìyá Tọ́pẹ́ ń gbé àga rẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ òní kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti gbọ́ pé mò ń kọ̀wé sí ọ.

Mo kí ọ, Àbẹ̀kẹ́. Mo kí oorun rẹ. Mo kí àárẹ̀ rẹ. Mo kí òtútù. Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí adágún tó gbé ọ kọjá tí kò jẹ́ kí o rì. Mo kí Màmá Aino tí n kò rí rí. Mo sì kí ife kejì.

Bàbá rẹ.